Kí ẹ tó sọ pé ẹ́ápíìsì yín ti bàjẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Ọjà Òkè-Àjẹ. Nínú gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà ń gbé wá bá mi pé ó ti bàjẹ́, kò sí èyí tí ó ń dùn mí tó ẹ́ápíìsì kékeré tí kò ní wáyà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní “airpod”, yálà ilé iṣẹ́ Apple ni ó ṣe é tàbí ẹlòmíràn. Ìdí tí ó fi ń dùn mí ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń rí kò bàjẹ́ rárá. Fóònù mìíràn ni wọ́n ṣì ń dá lóhùn, tàbí kí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi wọ́n mọ fóònù tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ni wọ́n kò mọ̀, ẹni tí ó tà wọ́n kò sọ fún un, ìwé pélébé tí ó sì wà nínú páálí wọn jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ṣáínà, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ojú àgbà kò lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan sọ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, màmá kan tí ó ń ta gàrí nínú ọjà wọlé tọ̀ mí wá. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú kéèsì funfun kan jáde, ó gbé e lé orí tábìlì mi. Ó ní, “Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Àbúrò rẹ tí ó wá kí mi láti Èkó ni ó rà á fún mi, pé kí n máa fi gbọ́ ìwàásù tí mo bá ń wọn gàrí. Ó dún fún ọjọ́ méjì, ó sì kú.” Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Nígbà tí mo ṣí kéèsì náà, iná ń ṣẹ́jú lára ti ọwọ́ ọ̀tún, ti ọwọ́ òsì kò tan iná kankan. Mo bi wọ́n pé ṣé kò dún rárá nílé ni. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní nígbà mìíràn tí àwọn bá fi sétí nílé, àwọn a kàn máa gbọ́ ohùn fíìmù tí àwọn kò tàn, ṣùgbọ́n tí àwọn bá dé ọjà, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn ni ó tú àṣírí gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọmọ wọn ti yá ẹ́ápíìsì náà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó so ó mọ́ fóònù tirẹ̀, ó fi wo fíìmù, ó sì dá a padà síbi tí ó ti mú un. Láti ìgbà náà ni ẹ́ápíìsì ti gbà pé ọmọ ni olówó òun, kì í ṣe ìyá. Tí màmá bá ṣí i nílé, fóònù ọmọ tí ó wà ní yàrá kejì ni ó máa ń sáré lọ bá. Tí wọ́n bá gbé e dé ọjà, ó ń wá fóònù ọmọ, kò rí i, ó sì dákẹ́. Ní ti ọwọ́ òsì tí kò tan iná, mo gbé e sábẹ́ gíláàsì tí mo fi ń wo nǹkan kéékèèké. Ojú irin méjì ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni iná sì ń gbà wọ inú rẹ̀ nígbà tí ó bá wà nínú kéèsì. Lẹ́búlẹ́bú gàrí ti pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí etí, ó ti bo ojú irin méjèèjì bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó gbẹ tí ó sì rọ̀ ni mo fi gbọ̀n ọ́n kúrò, láì fi omi kàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kéèsì, òun náà tan iná. Mo pa orúkọ ẹ́ápíìsì náà rẹ́ lórí fóònù màmá, mo di bọ́tìnnì ẹ̀yìn kéèsì mú títí iná méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú kíákíá, mo sì tún wọn fi mọ ara wọn lákọ̀tun. Ohùn oníwàásù jáde. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sí etí, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti múra láti ra òmíràn lọ́jọ́ náà o. Owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á wà ní etí ìró kejì.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí irú nǹkan báyìí fi ń ṣẹlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín gbà lọ́wọ́ mi lónìí bí wọn kò tilẹ̀ gba nǹkan mìíràn. Ipò méjì ni ẹ́ápíìsì tí kò ní wáyà lè wà. Nínú ipò kìíní, ó ń wá ẹni tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ipò kejì, ó ń kéde ara rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ẹ bá kàn ṣí kéèsì rẹ̀, ipò kìíní ni ó máa bọ́ sí. Ó dà bí ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ó dúró lẹ́nu géètì tí ó ń wo ojú gbogbo àwọn tí ó wá mú ọmọ. Ojú ìyá rẹ̀ ni ó ń wá, bí àjèjì bá pè é ní ìgbà ogún, kò ní dáhùn. Àwọn ènìyàn á ṣí kéèsì báyìí, wọ́n á wá ṣí fóònù tuntun, wọ́n á máa wò ó títí pé orúkọ ẹ́ápíìsì yóò jáde, kò sì ní jáde, nítorí kò sí nínú ipò tí ó ti ń kéde ara rẹ̀. Kí ó tó lè kéde, ẹ gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún un. Lára púpọ̀ nínú wọn, bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn kéèsì tàbí nínú rẹ̀ tí ẹ ó dì mú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan títí iná yóò fi yí bí ó ti ń ṣẹ́jú padà. Àwọn mìíràn wà tí kò ní bọ́tìnnì, tí ó jẹ́ pé ara ẹ́ápíìsì náà gan-an ni ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí nìkan ni púpọ̀ nínú wọn máa ń kéde ara wọn láìsí àṣẹ, ìyẹn ni ó sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ó rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ayé.

Ìdí tún wà tí mo fi pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù màmá kí n tó tún un ṣe. Nígbà tí fóònù àti ẹ́ápíìsì bá kọ́kọ́ mọ ara wọn, wọ́n jọ ń dá àmì ìkọ̀kọ̀ kan láàárín ara wọn, bí kọ́kọ́rọ́ tí ẹni méjì pín. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ fóònù, èkejì wà lọ́wọ́ ẹ́ápíìsì. Bí ẹ́ápíìsì bá ti sọ tirẹ̀ nù nítorí pé ẹlòmíràn ti so ó mọ́ fóònù mìíràn, fóònù àkọ́kọ́ á ṣì máa na kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sí i, kò sì ní ṣí. Ẹ óò rí orúkọ rẹ̀ nínú fóònù, ẹ óò tẹ̀ ẹ́, fóònù á sọ pé kò ṣeé ṣe. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ìrètí nù nìyẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ tẹ “Forget” tàbí “Unpair” lójú fóònù kí ó gbàgbé rẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn àgbàlagbà máa ń bi mí jù lọ ni pé ṣé ó ń jẹ dátà. Kò jẹ dátà rárá. Bluetooth tí fóònù fi ń bá ẹ́ápíìsì sọ̀rọ̀ kò kan ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbì rédíò kékeré ni, tí agbára rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí mítà mẹ́wàá lọ. Orin tàbí ìwàásù tí ẹ ń fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń jẹ dátà, á sì jẹ ẹ́ bákan náà bí ẹ kò tilẹ̀ lo ẹ́ápíìsì. Ilé iṣẹ́ Ericsson ní ilẹ̀ Sweden ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1994, nígbà tí ó sì di 1998, Ericsson, Nokia, Intel, IBM àti Toshiba fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè máa gbọ́ èdè èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Orúkọ ọba kan ní Dẹ́nmáàkì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fi sọ ọ́, Ọba Harald, tí ìnagijẹ rẹ̀ túmọ̀ sí eyín aláwọ̀ búlúù, nítorí wọ́n mọ ọba náà mọ́ kíkó àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ jọ sábẹ́ àṣẹ kan. Àmì tí ẹ ń rí lójú fóònù yín, lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àti ìnagijẹ ọba yẹn ni, nínú ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ ti àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Inú àwa tí ọba ní ìtumọ̀ sí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹ kí ó dùn sí orúkọ yẹn.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ mi. Lórí fóònù Android, ẹ wọ “Settings”, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Connected devices” tàbí “Bluetooth” sí, kí ẹ sì tẹ “Pair new device”. Lórí iPhone, “Settings” náà ni, lẹ́yìn rẹ̀ “Bluetooth”. Nígbà tí ẹ bá rí orúkọ ẹ́ápíìsì yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbà fún un bí ó bá béèrè. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ni pé fóònù wà nítòsí, ó sì ti gba ẹ́ápíìsì náà mọ́ra ṣáájú. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní láti pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù. Ẹ kàn pa Bluetooth fóònù fún ìgbà díẹ̀, ẹ so ẹ́ápíìsì mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tún tan ti fóònù padà nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Àwọn ẹ́ápíìsì kan wà tí ó lè di fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì mú lẹ́ẹ̀kan náà; bí ìpè bá wọlé sórí fóònù nígbà tí ẹ ń wo fíìmù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá fíìmù dúró, wọ́n á gbé ìpè fún yín. “Multipoint” ni wọ́n ń pe ìyẹn lára páálí. Ẹ bi olùtajà bóyá ó wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ rà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kò ní in. Ní ti AirPods tí Apple fúnra wọn ṣe, bí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ tiwọn, tí ẹ sì fi àkáǹtì kan náà wọ méjèèjì, ẹ kò ní láti so ó lẹ́ẹ̀mejì; bí ọ̀kan bá ti mọ̀ ọ́n, èkejì ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ti kọ̀ǹpútà ni ó le jù, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọmọdébìnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá fi gbọ́ orin, ó ń dùn bí ẹni pé olórin wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ ìpàdé báyìí, ohùn gbogbo èèyàn á dà bí ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Mo ti yá ti ọ̀rẹ́ mi méjì, bákan náà ni wọ́n ṣe.” Mo ní kí ó jókòó, kí ó sì mu omi. Mo mọ̀ pé ẹ́ápíìsì mẹ́ta kò lè bàjẹ́ lọ́nà kan náà.

Ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ́ápíìsì. Ọ̀nà kan wà fún gbígbọ́ nìkan. Ó fẹ̀, orin a sì gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú gbogbo adùn rẹ̀. Ọ̀nà kejì wà fún ìpè, níbi tí ohùn ti ń lọ tí òmíràn sì ń bọ̀. Tóóró ni èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lórí fóònù ni wọ́n là á fún. Nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá tan máìkì tí ó wà nínú ẹ́ápíìsì, ó ní láti kúrò lórí ọ̀nà tí ó fẹ̀ bọ́ sórí èyí tí ó tóóró, nítorí pé ọ̀nà tí ó fẹ̀ kì í gbé ohùn padà wá. Gbogbo ohun tí ó ń lọ sí etí ẹni á wá fún pọ̀. Oògùn rẹ̀ kò ná an ní kọ́bọ̀. Nínú ètò ohùn ìpàdé náà, mo fi ẹ́ápíìsì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò máa fi gbọ́, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ “Microphone” sí, mo yan máìkì tí wọ́n ṣe mọ́ ara kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. A pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti dán an wò. Ohùn ọ̀rẹ́ náà wọlé ketekete, ọ̀rẹ́ sì sọ pé òun ń gbọ́ ohùn ọmọdébìnrin náà dáadáa. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ó tán?” Mo ní ó tán. Irú Bluetooth tuntun kan tí wọ́n ń pè ní LE Audio ti jáde tí ó lè tú ìdè yìí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àti ẹ́ápíìsì ni ó gbọ́dọ̀ ní in papọ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lò kò sì ì dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows 11, ẹ wọ “Settings”, lẹ́yìn náà “Bluetooth & devices”, kí ẹ tẹ “Add device”, kí ẹ sì yan “Bluetooth” nígbà tí iná ẹ́ápíìsì bá ń ṣẹ́jú. Lórí Mac, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí Apple ṣe, “System Settings” ni ẹ óò ti rí “Bluetooth”. Ọ̀pọ̀ á ṣe gbogbo èyí, kọ̀ǹpútà á sọ pé ó ti so pọ̀, síbẹ̀ ohùn á ṣì máa jáde láti ẹnu kọ̀ǹpútà. Lórí Windows, ẹ tẹ àwòrán ẹ̀rọ ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kí ẹ yan ẹ́ápíìsì níbẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ tí a ń rí ní ọ́fíìsì kò ní Bluetooth nínú rárá. Ohun kékeré kan tí kò tó orí àtàǹpàkò wà ní ọjà tí ẹ lè kì bọ ojú USB rẹ̀, kò sì wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣìṣe tèmi náà kí n tó bá àwọn olùtajà wí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ápíìsì, mo kó irú kan náà mẹ́wàá wálé láti Èkó, gbogbo wọn ni ó sì ń jẹ́ orúkọ kan náà lójú fóònù. Mo ṣí mẹ́ta lórí tábìlì kí oníbàárà lè mú èyí tí ó wù ú. Mo so ọ̀kan mọ́ fóònù rẹ̀, ó gbọ́ orin, ó sanwó, ó sì lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí ohùn fi já. Kéèsì tí ó gbé lọ kọ́ ni mo so mọ́ fóònù rẹ̀. Èyí tí mo so ṣì wà lórí tábìlì mi tí ó ń kọrin fún ara rẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ìbínú, ó ní jìbìtì ni mo lù ú, mo sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, nítorí mo jẹ̀bi lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù á wà ní dídé. Mo sì máa ń jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ já a kúrò lára fóònù rẹ̀, kí ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó padà lójú mi kí ó tó kúrò. Ó ń gba àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í padà wá pẹ̀lú ìbínú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣàgámù. Ẹ má ta ẹ́ápíìsì fún ènìyàn bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Ẹni tí ó ra ẹ̀pà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri rẹ̀ pé ọjà tí a bá ti rà kò ní àdápadà, tí wọn kì í sì í gbà kí ènìyàn dán an wò kí ó tó sanwó. Mo ti tún ẹ́ápíìsì mẹ́rin láti ṣọ́ọ̀bù náà ṣe láàárín oṣù kan, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n ju pé wọn kò so wọ́n rí lọ. Àwọn tí ó rà wọ́n ti ka owó wọn sí èyí tí ó sọnù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá awakọ̀ tí ó ń ná Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó fi ìyókù owó ọjọ́ rẹ̀ ra á fún ọmọ rẹ̀ tí ó yege ìdánwò.

Àwọn tí ń ra tòkunbọ̀ náà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ rí i dájú pé ẹni tí ó tà á fún yín ti pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ lójú yín. Bí ó bá jẹ́ AirPods, ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì Apple rẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lára ohun tí ẹ fi owó yín rà.

Ó tún ku ẹ̀sùn kan tí wọ́n ń fi kan ẹ́ápíìsì tí kò jẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n á ní ohùn rẹ̀ ń já, pàápàá láàárín èrò. Ìgbì tí Bluetooth ń lò, ìyẹn 2.4 GHz, òun náà ni ọ̀pọ̀ Wi-Fi ń lò. Kí wọ́n má baà máa kọ lu ara wọn, Bluetooth ti ẹ́ápíìsì máa ń fò láti orí ojú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn nínú ojú ọ̀nà 79, ó sì lè fò ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí ó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ayé pé sí Ojúde Ọba pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò sí ibi tí yóò fò sí tí kò ní bá ẹlòmíràn. Ara wa náà a máa dí i lọ́nà, nítorí omi pọ̀ nínú ẹran ara, omi sì máa ń gbé ìgbì náà mì. Ẹni tí ó fi fóònù sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò tí ohùn sì ń já, kí ó gbé e sí àpò àyà kí ó tó wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹni méjì ti bá mi ṣe àríyànjiyàn lórí èyí, àwọn méjèèjì sì padà wá dúpẹ́.

Olóòtú, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò tóbi. Ẹ fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, níbi tí ẹ ó ti máa tẹ bí a ṣe ń lo irú àwọn ẹ̀rọ báyìí jáde ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó tóbi tó kí màmá oníGàrí lè fi gíláàsì rẹ̀ kà á. Kí ẹ sì bá wa fìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀ fún ohun kan. Ní ṣọ́ọ̀bù, a ń sọ pé a “kọ́nẹ́ẹ̀tì” rẹ̀, yálà ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tàbí ọjọ́ ogójì, ìdàrúdàpọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí ohun méjì ni. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo “fífi mọ ara wọn” fún ti ọjọ́ àkọ́kọ́, “síso pọ̀” fún èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ṣí kéèsì, àti “gbígbàgbé” fún pípa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ báyìí, àwọn oníbàárà mi ń bi mí ní ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá. Wọn kì í sọ pé ó kú mọ́. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé kò mọ fóònù mi tuntun.”

Mo ti fi ọwọ́ kọ àwọn ìgbésẹ̀ ti fóònù, ti tábúlẹ́ẹ̀tì àti ti kọ̀ǹpútà sórí bébà mẹ́ta, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n jáde, mo ti fi àdàkọ wọn ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, n kò sì béèrè owó.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Atúnfóònùṣe kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.